Kíkọ́ Èdè Sípáníìṣì Láti Inú Ilé: Bí Àlejò Ṣe Ń Di Ọmọ Ilé ní Guatẹmálà

Ní Antigua, ìlú àtijọ́ kan ní orílẹ̀-èdè Guatẹmálà tí òkè ayọnáyèéfín mẹ́ta yí ká, ètò kan wà tí wọ́n ti ń fi kọ́ àlejò ní èdè Sípáníìṣì láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Ètò náà kò lọ́jú pọ̀. Láàárọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kan àti olùkọ́ kan á jókòó kojú ara wọn fún wákàtí mẹ́rin tàbí márùn-ún. Bí wọ́n bá parí, akẹ́kọ̀ọ́ á padà sílé ìdílé tó gbà á lálejò. Ibẹ̀ ló ń sùn, ibẹ̀ ló ti ń jẹun lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, ibẹ̀ ló ti ń fọṣọ, ibẹ̀ náà ló ti ń gbọ́ bí ìyá ilé ṣe ń bá aládùúgbò dúnàá-dúrà lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń sanwó. Ẹni tó bá fẹ́ á ṣe ọ̀sẹ̀ méjì, ẹni tó bá sì ráyè á ṣe oṣù mẹ́fà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí èèyàn bá sáà ti dé ìlú tí wọ́n ti ń sọ èdè kan, èdè náà á wọ̀ ọ́ lára bí atẹ́gùn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa la mọ ẹni tó ti gbé ìlú onílùú fún ọdún mẹ́wàá tó ṣì jẹ́ pé ìka ló fi ń tọ́ka sí ohun tó fẹ́ rà lọ́jà. Ìlú kì í kọ́ni lédè. Ilé ló ń kọ́ni, kì í sì í ṣe gbogbo ilé. Ilé tó ń kọ́ni ni ilé tí àlejò ti ní ipò: tí wọ́n lè rán an níṣẹ́, tí wọ́n lè bi í pé níbo ló lọ, tí wọ́n sì ń retí kí ó fèsì. Bí àwọn bàbá wa ṣe ń fi ọmọ sẹ́nu iṣẹ́ náà ni, tí ọmọ á máa gbé lọ́dọ̀ ọ̀gá, tí á máa gbálẹ̀, tí á máa pọnmi, tí ojú rẹ̀ á sì wà lára iṣẹ́ láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ohun tí ọmọ-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ̀ lọ́dún kẹta, apá kékeré nínú rẹ̀ ni ọ̀gá fẹnu sọ fún un.

Bí ètò náà ṣe bẹ̀rẹ̀

Ó lé ní igba ọdún tí Antigua fi jẹ́ olú-ìlú ilẹ̀ tí àwọn ará Sípéènì ń ṣàkóso ní Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà, kí ìmìtìtì ilẹ̀ tó wó o palẹ̀ ní 1773. Ní 1776, wọ́n gbé olú-ìlú lọ síbi tó wà títí dòní. Àwọn tó kọ̀ láti ṣí kúrò ló tún ìlú náà gbé dìde, UNESCO sì kà á mọ́ ogún gbogbo ayé ní 1979.

Ní àwọn ọdún 1970, ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Proyecto Lingüístico Francisco Marroquín gbilẹ̀ níbẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ ní Guatẹmálà ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, ọkùnrin kan tó gbìyànjú láti kọ́ èdè àwọn tó bá nílẹ̀. Iṣẹ́ méjì ni ilé-iṣẹ́ náà ń ṣe, èkíní sì ń bọ́ èkejì. Wọ́n ń kọ́ àlejò ní Sípáníìṣì, olùkọ́ kan sí akẹ́kọ̀ọ́ kan. Owó tó ń wọlé ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ Maya ní ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, kí wọ́n lè fọwọ́ ara wọn kọ ìwé gírámà àti ìwé atúmọ̀ fún èdè abínibí wọn. Bí oyìnbó kan ṣe ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kíni ní Sípáníìṣì, owó rẹ̀ ń ran èdè mìíràn lọ́wọ́ kí ó má bàa kú. Èmi kò mọ ọ̀nà tó dára ju èyí lọ láti ná owó àlejò.

Láti ibẹ̀ ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn ti tàn kálẹ̀. Wọ́n pọ̀ ní Quetzaltenango, ìlú olótùútù kan lórí òkè tó ga ju òkun lọ ní nǹkan bíi mítà 2,300, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Xela. Wọ́n wà ní San Pedro La Laguna pẹ̀lú, ní etí adágún Atitlán. Ní Xela, àwọn olùkọ́ kan pawọ́ pọ̀ dá ilé-ẹ̀kọ́ tiwọn sílẹ̀ bí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, tí wọ́n jọ ń pín èrè. Ìdí méjì ló jẹ́ kí àlejò máa wá. Èkíní, owó tí èèyàn á ná fún ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀ kéré sí ti Sípéènì dáadáa. Èkejì, àwọn ará òkè Guatẹmálà kì í sáré sọ̀rọ̀, wọn kì í sì í gbé ìparí ọ̀rọ̀ mì, nítorí náà etí tuntun á rí nǹkan dì mú.

Òwúrọ̀: olùkọ́ kan, akẹ́kọ̀ọ́ kan

Nínú kíláàsì ogún ènìyàn, èèyàn lè sá pamọ́ sẹ́yìn ẹni tó mọ̀ jù ú lọ. Níbí, kò sí ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni. Tábìlì kékeré kan ni, ìwé, bíírò, àti olùkọ́ tó ń wò ọ́ lójú. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ béèrè ni: «Kí lẹ ṣe lánàá?» Ìbéèrè yìí dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀ pọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ní láti ròyìn oúnjẹ alẹ́, ẹni tó bẹ̀ wọ́n wò, ohun tí ọmọ ilé sọ tí òun kò gbọ́ yé. Bí ó ṣe ń sọ ọ́ ni olùkọ́ ń kọ àṣìṣe rẹ̀ sílẹ̀, àwọn àṣìṣe yẹn ló sì máa ń di ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà.

Ìdí nìyí tí akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́n fi máa ń ní ìwé kékeré kan lápò. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá ṣe é ní kàyéfì nílé, á kọ ọ́ bí etí rẹ̀ ṣe gbọ́ ọ, kódà bí kò bá tilẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Lọ́jọ́ kejì, á gbé e wá síwájú olùkọ́. Ilé ló ń bí ìbéèrè, ilé-ẹ̀kọ́ ló ń dáhùn, ilé náà ni wọ́n á tún ti dán ìdáhùn wò. Bí ẹsẹ̀ kan bá yẹ̀ nínú mẹ́ta yìí, ìyókù kò ní dúró dáadáa. Láwọn ọjọ́ mìíràn, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ á jọ lọ sọ́jà, akẹ́kọ̀ọ́ á sì dúró níwájú oníṣòwò láti ná tòmátò fúnra rẹ̀.

Ìdí tábìlì oúnjẹ

Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá jẹ́ egungun, orí tábìlì oúnjẹ ni ẹran wà. Láàárọ̀, ẹ̀wà dúdú, ẹyin, ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín àti tortilla, ìyẹn àgbàdo lílọ̀ tí wọ́n tẹ́ pẹlẹbẹ tí wọ́n sì yan lórí agbada. Ọ̀sán ni oúnjẹ gidi. Nígbà mìíràn, pepián ni, ọbẹ̀ tó ki tí wọ́n fi irúgbìn elégédé tí wọ́n yan tí wọ́n sì lọ̀ sè. Alẹ́ kì í wúwo: búrẹ́dì dídùn, kọfí, ẹ̀wà tó ṣẹ́kù. Ní ọ̀pọ̀ ilé, ọjọ́ Àìkú ni ìyá ilé ń sinmi, àlejò á sì wá oúnjẹ lọ síta.

Ọmọ tó bá mọwọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun. Ọwọ́ wíwẹ̀ ní Guatẹmálà ni ìkíni. Ẹni tó bá wọlé bá àwọn tó ń jẹun á sọ pé «buen provecho». Ẹni tó bá fẹ́ dìde nídìí oúnjẹ á dúpẹ́, àwọn tó kù á sì dá a lóhùn pé «provecho». Bí o bá fẹ́ kọjá níwájú ènìyàn, «con permiso» ni. Bí o bá dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n á ní «pase adelante». Ọmọ Yorùbá tí wọ́n ti kọ́ láti kékeré pé a kì í kọjá lára àgbà láìkí i, tí ó mọ̀ pé ẹni tó ń jẹun, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ àti ẹni tó ń bọ̀ láti ọ̀nà ní ìkíni tirẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kò ní rí èyí bí wàhálà. Inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ló ti dàgbà. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kò ní parí tí ìyá ilé á fi mọ̀ pé ọmọ tí wọ́n kọ́ ni.

Lẹ́yìn oúnjẹ, wọn kì í tètè dìde. Àsìkò yìí, tí àwo ti ṣófo tí ọ̀rọ̀ sì ń lọ, ni wọ́n ń pè ní sobremesa, inú rẹ̀ sì ni èdè gidi wà. Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan hàn. Èdè Sípáníìṣì ní oríṣi ọ̀nà méjì pàtàkì tó fi ń sọ ohun tó ti kọjá: ọ̀kan fún ohun tó ń lọ lọ́wọ́ nígbà yẹn, ọ̀kan fún ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tó sì parí. Akẹ́kọ̀ọ́ lè fi oṣù mẹ́ta wo àtẹ rẹ̀ nínú ìwé gírámà kí ó má yé e. Ṣùgbọ́n ní Guatẹmálà, ẹnikẹ́ni tó ti dàgbà dáadáa ló lè sọ ìtàn ọjọ́ 4 oṣù Kejì ọdún 1976. Ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru, ilẹ̀ mì tìtì, ó sì pa nǹkan bíi 23,000 ènìyàn. Bí bàbá àgbà bá ń sọ ọ́, á ní «dormíamos», à ń sùn. Lẹ́yìn náà á ní «tembló», ilẹ̀ mì. Oorun jẹ́ ohun tó ń lọ lọ́wọ́, ilẹ̀ mímì sì já lù ú. Ẹni tó bá gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu ẹni tó yè é kò ní gbàgbé ìyàtọ̀ àárín ọ̀rọ̀ méjèèjì mọ́ láyé, nítorí pé ẹ̀rù tó wà nínú ìtàn náà ti kàn án mọ́ ọn lọ́kàn.

Iṣẹ́ ilé pẹ̀lú ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Àjíǹde, àwọn ará Antigua máa ń fi ìyẹ̀fun igi aláràbarà, òdòdó àti ewé ọ̀pẹ ṣe ẹní ọ̀ṣọ́ sójú títì níwájú ilé wọn, kí àwọn tó ru ère Jésù lè gba orí rẹ̀ kọjá. Gbogbo ilé ló ń ṣiṣẹ́ náà, àlejò kì í sì í jókòó wòran. Wọ́n á ní kí ó gbé pupa wá, kí ó da omi díẹ̀ sí i, kí ó má tẹ ibẹ̀ yẹn. Láàárín wákàtí mẹ́fà, ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ àṣẹ tó pọ̀ ju ti odidi orí kan nínú ìwé lọ, ara rẹ̀ ló sì fi dáhùn.

Ohun tí àwọn onímọ̀ rí

Ní 1985, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè kan ní Kánádà, Merrill Swain, kọ̀wé nípa àwọn ọmọ tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì nílé ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ wọn níṣẹ́ gbogbo nílé ìwé. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ọmọ náà ń gbọ́ Faransé dáadáa, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá la ẹnu, gírámà wọn kò dán mọ́rán. Ohun tó fà yọ ni pé gbígbọ́ nìkan kò tó. Ìgbà tí a bá ní láti sọ ohun tí a fẹ́, tí ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ sì ní kí a tún un sọ nítorí pé kò yé òun, ni a tó ń rí ihò tó wà nínú ìmọ̀ wa.

Ní 2004, àwọn onímọ̀ méjì mìíràn, Norman Segalowitz àti Barbara Freed, fi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ará Amẹ́ríkà tó lọ kọ́ Sípáníìṣì ní Alicante, ní Sípéènì, wé àwọn tó kọ́ ọ nílé, ní yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà. Ẹnu àwọn tó lọ já geere ju ti àwọn tó dúró lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n tún rí i pé kì í ṣe iye wákàtí tí èèyàn ń lò láàárín onílé nìkan ló ń sọ bí yóò ṣe tẹ̀ síwájú tó. Èyí bá ohun tí àwọn ìyá ilé ní Antigua ti mọ̀ tipẹ́ mu. Àlejò méjì lè sùn nínú yàrá tó fara kan ara. Ọ̀kan á lọ sílé pẹ̀lú èdè, èkejì á lọ pẹ̀lú fọ́tò. Èyí tó ń sọ pé «oúnjẹ dùn, ẹ ṣeun» lójoojúmọ́ kò sí nínú wàhálà kankan, nítorí náà kò kọ́ nǹkan kan. Èyí tó ń bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe ń sè é, tó sì dúró ti iná, òun ló ń ṣe wàhálà, òun náà ló ń jèrè.

Ahọ́n Yorùbá lẹ́nu Sípáníìṣì

Ọ̀pọ̀ ìwé tó ń kọ́ni ní Sípáníìṣì ló jẹ́ pé onígẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ní lọ́kàn. Ó yẹ kí ọmọ Yorùbá mọ ibi tí ọ̀nà ti tẹ́jú fún un. Fáwẹ̀lì Sípáníìṣì kò ju márùn-ún lọ: a, e, i, o, u. Gbogbo wọn wà lẹ́nu wa, wọ́n sì dúró sójú kan bíi tiwa. Ní Latin America, bí s ni wọ́n ń pe z, ìró kan náà ni b àti v. Ẹni tí wọ́n ti ń fi z rẹ́rìn-ín nínú Gẹ̀ẹ́sì á rí i pé níbí, òun ló pè é re. R inú «pero» ni r inú «ara» wa. Èyí tó ní r méjì, bíi «perro», ló ń fẹ́ kí ahọ́n gbọ̀n rìrì, ó sì gba kí èèyàn máa ṣe é níkọ̀kọ̀ lójoojúmọ́. P wọn kò rí bí ti «pápá». Ètè nìkan ni wọ́n fi ń pè é. Àmì tó wà lórí «papá», bàbá, ni kò jẹ́ kí ó di «papa», ọ̀dùnkún. Ìtẹnumọ́ ni àmì náà ń sọ, kì í ṣe ohùn, ṣùgbọ́n etí tó ti mọ̀ pé ìró kékeré kan ń yí ọ̀rọ̀ padà kò ní fojú kéré rẹ̀.

Ibi tó le wà pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀-ìṣe tiwa kì í yí padà: mo lọ, o lọ, wọ́n lọ. Tiwọn ń yí padà fún olúkúlùkù àti fún àsìkò. «Ó» tiwa kò bìkítà bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Nínú Sípáníìṣì, tábìlì pàápàá jẹ́ abo, ìwé jẹ́ akọ, ọ̀rọ̀ tó bá sì ń ṣàpèjúwe wọn gbọ́dọ̀ bá wọn mu. Ohun tó máa ń dé bá ọmọ Yorùbá lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nílé ni kí wọ́n bi í léèrè ọmọ ìyá rẹ̀. Àwa á sọ bóyá ẹ̀gbọ́n ni tàbí àbúrò, a kì í kọ́kọ́ sọ bóyá ọkùnrin ni. Wọ́n fẹ́ mọ bóyá «hermano» ni tàbí «hermana». Ọjọ́ orí, tó bá wù ọ́ lo fi kún un. Kí èèyàn tó lè dáhùn, ó ní láti tún ìdílé tirẹ̀ tò lọ́kàn.

Níbi ọ̀wọ̀, kò ní ṣòro fún wa. Bí a ṣe ní «ẹ» àti «o», wọ́n ní «usted» fún àgbà àti àjèjì. Fún ojúgbà, «tú» wà, «vos» sì wà, èyí tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọ̀rẹ́ ní Guatẹmálà. Onígẹ̀ẹ́sì máa ń gbàgbé ìyàtọ̀ yìí. Ọmọ Yorùbá tó bá sọ «tú» sí ìyá àgbà, ara tirẹ̀ gan-an ló máa kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Kí ó máa lo «usted» títí wọ́n á fi ní kí ó má lò ó mọ́. Bákan náà, «doña» tàbí «don» ló yẹ kí ó ṣáájú orúkọ onílé.

Bí a ṣe ń yan ilé, àti ohun tó ń ba ìrìn-àjò jẹ́

Abèèrè kì í ṣìnà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó sanwó, kí ó bi ilé-ẹ̀kọ́ pé: àlejò mélòó ló wà nínú ilé náà lẹ́ẹ̀kan náà? Ṣé ìdílé máa ń bá àlejò jẹun, àbí wọ́n á kàn gbé àwo sílẹ̀ kí wọ́n lọ? Ṣé ọmọdé wà níbẹ̀? Ṣé àgbàlagbà wà? Ilé tí àlejò mẹ́fà wà ti di òtẹ́ẹ̀lì, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n á sì máa sọ nídìí oúnjẹ. Ilé tí ọmọ ọdún mẹ́jọ wà dára púpọ̀, torí ọmọdé kì í rẹ̀wẹ̀sì láti tún ọ̀rọ̀ sọ, kì í sì í fi ojú àánú bo àṣìṣe. Bí ilé kò bá bá ọ lára mu lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, lọ bá ẹni tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilé ní ilé-ẹ̀kọ́, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Obìnrin tó bá lọ lóun nìkan gbọ́dọ̀ rí i pé yàrá òun ní kọ́kọ́rọ́.

Ọ̀tá méjì ló tóbi jù. Ọ̀kan ni ẹgbẹ́ àwọn àlejò bíi tìrẹ, tó máa ń fẹ́ kó ọ jáde lálaalẹ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Èkejì ni fóònù. Ẹni tó bá ń wo fídíò láti ilé ní yàrá rẹ̀ títí oorun fi gbé e lọ kò tíì kúrò nílé rárá.

Ìwà ọmọlúàbí náà ní ẹ̀ka tó jẹ́ ti ilé wọn. Sọ ìgbà tí wàá dé, torí ìyá ilé kì í sùn bí àlejò kò bá tíì wọlé. Má mu omi ẹ̀rọ. Omi inú ike ńlá tí wọ́n rà ni mímu. Inú garawa tó wà nílé ìgbọ̀nsẹ̀ ni wọ́n ń ju bébà ìnùdí sí, kì í ṣe inú omi. Má jẹ́ kí omi gbígbóná inú balùwẹ̀ ṣòfò, owó iná wọ́n. Mú aṣọ òtútù lọ sí Xela. Kí ẹni tó ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà béèrè ọ̀rọ̀ físà àti ìwé àjẹsára ibà pọ́njú lọ́dọ̀ aṣojú Guatẹmálà kí ó tó san owó ọkọ̀ òfuurufú.

Ilé ẹlòmíràn ni

Àlejò lójú, kò fi ríran. Ohun kan tí ọ̀pọ̀ àlejò kì í rí ni pé Sípáníìṣì kọ́ ni èdè abínibí gbogbo ará Guatẹmálà. Èdè Maya tó lé ní ogún ni wọ́n ń sọ níbẹ̀: K'iche', Kaqchikel, Mam, Tz'utujil àti àwọn mìíràn. Ní San Pedro La Laguna, ó ṣeé ṣe kí ìyá tó ń fún ọ lóúnjẹ máa bá ọ sọ Sípáníìṣì kí ó sì máa bá ọmọ rẹ̀ sọ Tz'utujil. Nílé ìwé ni àwọn mìíràn ti kọ́ Sípáníìṣì, pẹ̀lú ìyà. Àwa tí wọ́n ti ná rí nílé ìwé nítorí pé a sọ Yorùbá, tí wọ́n pe èdè wa ní fanákúlà, kò yẹ kí a nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Kọ́ ìkíni díẹ̀ nínú èdè tiwọn. Inú wọn á dùn, wàá sì mọ̀ pé ẹni tó ń kọ́ ọ ní èdè ti fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe irú iṣẹ́ tí ìwọ ń ṣe yìí.

Ohun kejì ni pé iṣẹ́ obìnrin ni ètò yìí jókòó lé. Obìnrin ló ń dáná, òun ló ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, òun náà ló ń fi sùúrù tún gbólóhùn sọ lẹ́ẹ̀mẹta fún ẹni tó ń gé ọ̀rọ̀ bí igi. Olùkọ́ tí kò gba ìwé ẹ̀rí ni. Béèrè lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ pé èló nínú owó rẹ ló ń dé ọwọ́ ìdílé. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ọkàn rẹ̀ mọ́ á sọ fún ọ.

Ìgbà tó máa gbà, àti ohun tí a ń wá lọ

Ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń kọ́ àwọn aṣojú rẹ̀ lédè ṣírò pé onígẹ̀ẹ́sì nílò wákàtí 600 sí 750 nínú kíláàsì kí ó tó lè fi Sípáníìṣì ṣiṣẹ́. Bí èèyàn bá ń ṣe wákàtí márùn-ún lóòjọ́, lọ́jọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ìyẹn jẹ́ ọ̀sẹ̀ 24 sí 30. Ẹni tó bá lọ fún oṣù kan kò ní ju wákàtí 100 lọ. Oṣù kan tó láti jẹ́ kí ìbẹ̀rù àtisọ̀rọ̀ kúrò lọ́kàn, kò tó láti sọ pé èèyàn ti gbọ́ èdè. Nítorí náà, ó dára kí èèyàn kọ́ ìpìlẹ̀ nílé kí ó tó lọ, kí ó lè jẹ́ pé ìtàn ni yóò máa gbọ́ nídìí oúnjẹ, kì í ṣe orúkọ ṣíbí. Ẹni tó fẹ́ ìwé ẹ̀rí lè ṣe ìdánwò DELE, tí Instituto Cervantes ń bójú tó, tó pín ìmọ̀ èdè sí ìpele mẹ́fà láti A1 dé C2.

Ìwúlò rẹ̀ pọ̀. Ọmọ wa tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Houston ń gbọ́ Sípáníìṣì lójoojúmọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ní Malabo, ní orílẹ̀-èdè Equatorial Guinea, tí kò jìnnà sí Calabar, èdè ìjọba ni. Ṣùgbọ́n ìdí tó ká mi lára jù wà ní Kúbà. Ní Havana àti Matanzas, àwọn ọmọ ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kúrò nílẹ̀ wa ṣì ń bọ Ṣàngó, Yemọja àti Ọ̀ṣun. Lukumí, ìyẹn Yorùbá tí àwọn baba ńlá wọn gbé lọ, ni wọ́n fi ń kọrin tí wọ́n sì fi ń júbà, òǹkọ̀wé ará Kúbà kan, Lydia Cabrera, sì kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ sínú ìwé Anagó ní 1957. Ṣùgbọ́n Sípáníìṣì ni wọ́n fi ń tọ́ ọmọ, Sípáníìṣì ni wọ́n fi ń ṣàlàyé ìdí tí wọ́n fi ń ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe. Láti 1997 ni òfin ti gbà kí ará ìlú máa gba àlejò àjèjì sínú ilé ara wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní casa particular. Àwọn ará Kúbà ń yára sọ̀rọ̀, wọ́n sì máa ń gbé s mì, nítorí náà ẹni tó bá ti kọ́kọ́ fi etí rẹ̀ kọ́ṣẹ́ ní Guatẹmálà ni ilé wọn á dùn mọ́ jù.

Ọmọ Yorùbá tó bá dé Matanzas láìgbọ́ Sípáníìṣì á lè bá wọn kọrin, kò ní lè bá wọn sọ̀rọ̀. Á máa gba ẹnu ògbufọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹbí ara rẹ̀. Mo ń rọ ẹnikẹ́ni tó ní agbára rẹ̀ pé kí ó lọ kọ́ èdè yìí, kí ó má sì ṣe wá ilé tí wọ́n á ti máa gbé e gẹ̀gẹ̀. Ilé tí wọ́n á ti rán an lọ ra tortilla ní igun òpópónà ni kí ó wá.